Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìmáàmù al-Busiri, Ẹni tí Ó Kọ Burda

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fún ènìyàn ní ahọ́n láti fi sọ̀rọ̀ àti làákàyè láti fi ronú. Ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí kò ju pé ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun Alásárì tán, mo bá méjì nínú àwọn ọmọ kéwú wa àgbà níbi tí wọ́n ti ń jiyàn kíkankíkan. Ọ̀kan ní òun kò ní ké Burda mọ́ láéláé nítorí pé ẹbọ wà nínú rẹ̀. Èkejì ní ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ Burda láìdáa, ọ̀tá Ànọ́bì ni. Díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n gbá ara wọn lẹ́wù mú. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo bi wọ́n pé ta ni ó kọ Burda, wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé al-Busiri ni. Mo bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni al-Busiri ṣe jẹun, níbo ni ó gbé, kí ni ojú rẹ̀ rí kí ó tó kọ ọ́. Àwọn méjèèjì dákẹ́.

N kò bá wọn wí púpọ̀, nítorí pé èmi náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Mo ti há gbogbo Burda sórí kí n tó mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ jẹ́ akọ̀wé ìjọba, pé ó jẹ́ olùkọ́ ilé-kéwú gẹ́gẹ́ bí tèmi, àti pé ebi mọ ojú ilé rẹ̀. Ìtàn tí mo sọ fún àwọn ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ síbí, kí gbogbo wa lè jọ jàǹfààní rẹ̀.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌRAN RẸ̀

Orúkọ rẹ̀ ni Muhammad ọmọ Sa'id, ọmọ Hammad. Sharaf al-Din ni oyè tí wọ́n fi ń pè é. Ọdún 608 Hijira ni wọ́n bí i, èyí tí ó bọ́ sí ọdún 1212. Ilẹ̀ Mísírà, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Íjíbítì, ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Mághríbù wá. Ẹ̀yà Sanhaja ni wọ́n, àwọn Berber tí òkìkí wọn kàn ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá ti Áfíríkà. Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ kíyè sí i: ẹni tí gbogbo ayé ń ké ewì Lárúbáwá rẹ̀ yìí, ìran rẹ̀ kì í ṣe Lárúbáwá. Èdè kéwú kì í ṣe ogún bàbá ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fi ara jìn fún un ni í ní i.

Nínú àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan wá láti ìlú Busir, èkejì wá láti ìlú Dalas. Ìlú méjèèjì wà ní òkè odò Náílì. Kò fẹ́ kọ ilé bàbá, kò sì fẹ́ kọ ilé ìyá, nítorí náà ni ó ṣe kó orúkọ ìlú méjèèjì pọ̀, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní al-Dalasiri. Ṣùgbọ́n orúkọ Busir ni ó mọ́ ọn lára jù, òun náà ni ayé sì fi mọ̀ ọ́n títí di òní.

ÌGBÀ TÍ Ó GBÉ AYÉ

Ìgbà tí al-Busiri gbé ayé kì í ṣe ìgbà ìrọ̀rùn fún àwọn Mùsùlùmí. Kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí àwọn ọmọ ogun onígbàgbọ́ láti ilẹ̀ Yúróòpù gba ìlú Dimyat ní etí òkun Mísírà ní ọdún 1219. Ó ti di ọkùnrin tí ó sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tí wọ́n padà wá, tí wọ́n sì mú Louis ọba ilẹ̀ Faransé lẹ́rú lẹ́yìn ogun Mansura ní ọdún 1250. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba bọ́ sí ọwọ́ àwọn Mámlúkù. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ẹrú tí wọ́n rà láti òkèèrè, tí wọ́n kọ́ ní ogun jíjà, tí wọ́n sì wá di ọba lórí àwọn tí ó rà wọ́n.

Ní ọdún 656 Hijira (1258), àwọn Móńgólì wọ Bàgídáádì, wọ́n pa Kálífà, wọ́n sì ba ìlú ìmọ̀ ńlá náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti tán fún ẹ̀sìn. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1260, ni àwọn ọmọ ogun Mísírà ṣẹ́gun wọn ní Ayn Jalut. Láti ìgbà náà ni Káírò ti di ibi tí àwọn onímímọ̀ ń sá wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó kan àwọn akéwì. Ní ayé àtijọ́, akéwì a máa lọ sí ààfin, a máa yin ọba, ọba a sì fún un ní ẹ̀wù àti wúrà. Ṣùgbọ́n èdè Tọ́kì ni àwọn ọba Mámlúkù ń sọ láàrin ara wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ìjìnlẹ̀ Lárúbáwá débi tí orí wọn yóò fi wú sí ewì. Nítorí náà, àwọn akéwì ìgbà náà ní láti wá iṣẹ́ ọwọ́ kún un. Abu al-Husayn al-Jazzar, tí ó kú ní ọdún 679 Hijira, ẹran ni ó ń pa tà, ìtumọ̀ al-Jazzar sì ni alápatà. Ibn Daniyal jẹ́ oníṣègùn ojú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa. Kì í ṣe àbùkù fún onímímọ̀ kí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù ni kí ó máa fi ìmọ̀ rẹ̀ tọrọ.

Ẹ̀KỌ́ RẸ̀ ÀTI IṢẸ́ AKỌ̀WÉ

Al-Busiri kọ́ Alukuráánì ní kékeré, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Káírò láti kọ́ ìmọ̀ èdè, gírámà, àdíìtì àti ìtàn ìgbésí ayé Ànọ́bì (S.A.W.). Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára púpọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé yìí ni ó fi rí iṣẹ́ gbà lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n fi í ṣe akọ̀wé ní ìlú Bilbays, ní ẹkùn Sharqiyya, tí ó wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Mísírà nísàlẹ̀.

Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ó rí i bí àwọn akọ̀wé ìjọba ti ń kó ọkà àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n ń jí nínú owó orí, tí wọ́n sì ń kọ irọ́ sínú ìwé láti fi bo ara wọn. Al-Busiri kò lè pa ẹnu mọ́. Ó fi ewì tú àṣírí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ewì náà gùn, lẹ́tà núnù ni ó fi parí gbogbo báìtì rẹ̀, ó sì fi pe àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní olè ní gbangba. Kò yọ Mùsùlùmí sílẹ̀, kò yọ àwọn Kristẹni ilẹ̀ Mísírà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kò sì yọ adájọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe irú èyí ní àárín àwọn ènìyàn, ẹ mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní pọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́, nítorí pé ẹni tí a bá fẹ́ràn, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó kù sí. Ahọ́n al-Busiri mú jù nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, ewì yóò bá a lọ́la. Ó sì tún máa ń kọ ewì ìyìn sí àwọn ìjòyè nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, kí wọ́n lè fún un ní nǹkan. Báyìí ni ó ṣe lo apá tí ó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀: ó ń bú àwọn kan, ó sì ń yin àwọn kan.

Àwọn ìtàn tí ń pani lẹ́rìn-ín kò ṣàìsí nínú rẹ̀. A gbọ́ pé ó ní abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tí ó dára. Ọ̀gá kan ní ẹkùn Sharqiyya yá a lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó gùn ún tí ó gbádùn rẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ lé e, ó sì fi owó ránṣẹ́ sí al-Busiri. Al-Busiri kọ ewì, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà gan-an ni ó ń bẹ ọ̀gá náà kí ó jẹ́ kí òun padà sí ilé olówó òun. Nígbà tí ọ̀gá náà ka ewì yìí, ó dá ẹran náà padà, kò sì béèrè owó rẹ̀ mọ́.

OLÙKỌ́ ILÉ-KÉWÚ TÍ EBI Ń PA

Al-Busiri tún ṣí ilé-kéwú sí Káírò, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Alukuráánì. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́. Owó ilé-kéwú kò tó bùkátà. Ọmọ al-Busiri pọ̀, aya rẹ̀ a sì máa ráhùn. Ó kọ ewì kan ránṣẹ́ sí wàsírì láti fi ṣe àlàyé bí ilé òun ti rí. Nínú rẹ̀ ni ó ti ròyìn bí ààwẹ̀ ṣe bá wọn láìsí oúnjẹ, bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń wo oúnjẹ ọdún lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn, àti bí aya rẹ̀ ṣe lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ìyẹn sì fi kún iná ọ̀rọ̀ náà. Ó fi ẹ̀rín bo ẹkún. Ẹni tí ó bá ka ewì náà yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò ronú nípa ọmọ kékeré tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ tí kò ní àkàrà dídùn lọ́wọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu olùkọ́ mi, mo kábàámọ̀ gbogbo ìgbà tí mo ti rò pé àwọn ẹni ńlá inú ìwé kò mọ ohun tí à ń pè ní àìní. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó fi wọ́n ṣe ẹni ńlá ni pé wọn kò jẹ́ kí àìní pa ìmọ̀ mọ́ wọn nínú.

ÌRÌNÀJÒ RẸ̀ SÍ ỌNÀ ÀWỌN SÙÚFÍ

Ní ìgbà náà, ìlú Iskandáríyà ní etí òkun ní àwọn àgbà onísùúfí. Shaykh Abu al-Hasan al-Shadhili ti wá láti Mághríbù, ó sì fi ìlú náà ṣe ibùdó títí tí ó fi kú ní ọ̀nà Hájì ní ọdún 656 Hijira (1258). Abu al-Abbas al-Mursi ni ó jókòó sí ipò rẹ̀ títí di ọdún 686 Hijira (1287). Al-Busiri di ọmọlẹ́yìn al-Mursi. Ibn Ata'illah, ẹni tí ó kọ ìwé Hikam tí púpọ̀ nínú àwọn àfáà wa mọ̀, ọmọlẹ́yìn al-Mursi ni òun náà. Al-Busiri kọ ewì láti fi yin al-Shadhili àti al-Mursi, ṣùgbọ́n irú ìyìn yìí yàtọ̀ sí ìyìn tí ó ti ń tà fún àwọn ìjòyè. Kò sí ẹni tí yóò san owó rẹ̀.

Láti ìgbà yìí ni ọkàn rẹ̀ ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ahọ́n tí ó mú bí abẹ náà kò kú, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí ara rẹ̀. Ó kọ ọ̀pọ̀ ewì láti fi yin Ànọ́bì (S.A.W.). Ọ̀kan nínú wọn ni Hamziyya, tí báìtì rẹ̀ lé ní irinwó (400), tí ó sì to ìtàn ìgbésí ayé Ànọ́bì láti ìbí títí dé ìparí. Òmíràn ni èyí tí ó fi wé ewì Ka'b ọmọ Zuhayr (R.A.), sàhábà tí ó ti jẹ́ ọ̀tá tẹ́lẹ̀, tí ó wá ronú pìwà dà, tí ó ké ewì níwájú Ànọ́bì ní Mẹ̀dínà, tí Ànọ́bì sì bọ́ aṣọ ìborùn rẹ̀ wọ̀ ọ́. Aṣọ ìborùn náà ni Lárúbáwá ń pè ní búrúdà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ yìí sọ́kàn.

ÀÌSÀN RẸ̀ ÀTI BÍ Ó ṢE KỌ BURDA

Lẹ́yìn èyí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá kan ara rẹ̀ kú pátápátá. Kò lè dìde mọ́. Ẹ rò ó wò: ọwọ́ ìkọ̀wé ni ó fi ń jẹun, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn lọ bá àwọn ìjòyè, méjèèjì sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ahọ́n nìkan ni ó kù. Kò fi ahọ́n náà bú ẹnikẹ́ni lórí ibùsùn àìsàn, kò sì fi í tọrọ lọ́wọ́ wàsírì. Ó kó ewì kan jọ láti fi yin Ànọ́bì (S.A.W.), ó sì fi bẹ Ọlọ́hun kí Ó wo òun sàn.

Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sọ, tí àwọn òpìtàn sì gbà sílẹ̀, ni pé ó ń ké ewì náà ní àkétúnké, ó ń sunkún, ó ń tọrọ, títí tí oorun fi gbé e lọ. Ó rí Ànọ́bì ní ojú àlá. Ànọ́bì fi ọwọ́ rẹ̀ alábùkún pa á lára, ó sì da aṣọ ìborùn rẹ̀ bò ó. Nígbà tí ó jí, ó rí i pé òun lè dìde. Ó jáde kúrò nílé ní òwúrọ̀ láìtíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ojú ọ̀nà, ọkùnrin aláìní kan nínú àwọn onísùúfí pàdé rẹ̀, ó sì ní kí ó fún òun ní ewì tí ó fi yin Ànọ́bì. Al-Busiri bi í pé èwo nínú wọn. Ọkùnrin náà ní èyí tí ó kọ nígbà tí ó ń ṣàìsàn, ó sì sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ọ ní òru àná níwájú Ànọ́bì. Al-Busiri fún un, ọ̀rọ̀ náà sì tàn kálẹ̀.

BÍ Ó ṢE GBA ORÚKỌ RẸ̀

Orúkọ tí al-Busiri fún ewì yìí ni al-Kawakib al-Durriyya, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn ìràwọ̀ tí ń tàn. Kì í ṣe òun ni ó pè é ní Burda. Ìròyìn ewì náà dé etí Baha al-Din ibn Hinna, wàsírì Súlútánì Baybars. Ó ní kí wọ́n dà á kọ, ó sì ṣe ìlérí pé òun kò ní gbọ́ ọ àfi ní ìdúró, láìwọ bàtà, láìdé fìlà. Lẹ́yìn náà ni ojú dun ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé, Sa'd al-Din al-Fariqi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Wọ́n sọ fún un ní ojú àlá pé kí ó lọ gba Burda lọ́wọ́ wàsírì, kí ó fi lé ojú rẹ̀. Wàsírì ní òun kò ní ohunkóhun tí ó ń jẹ́ Burda, àfi ewì al-Busiri. Wọ́n mú un wá, ó fi lé ojú, ojú rẹ̀ sì sàn. Báyìí ni àwọn òpìtàn ṣe ròyìn ibi tí orúkọ náà ti wá. Àwọn mìíràn a sì máa pè é ní al-Bur'a, èyí tí ó túmọ̀ sí ìwòsàn.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Burda jẹ́ báìtì bí ọgọ́jọ (160). Lẹ́tà mímù ni ó fi parí gbogbo wọn, ìwọ̀n Basit ni ó sì fi wọ̀n ọ́n. Àwọn onímímọ̀ pín in sí ìsọ̀rí mẹ́wàá. Ìkínní jẹ́ ẹkún ìfẹ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn akéwì Lárúbáwá. Ìkejì jẹ́ ìkìlọ̀ nípa ẹ̀mí ara ẹni tí ń fà wá síbi. Ìkẹta jẹ́ ìyìn Ànọ́bì, ìkẹrin ìbí rẹ̀, ìkarùn-ún àwọn iṣẹ́ ìyanu rẹ̀. Ìkẹfà sọ nípa Alukuráánì, ìkeje nípa ìrìnàjò òru àti gígun sánmọ̀, ìkẹjọ nípa àwọn ogun rẹ̀ pẹ̀lú àwọn sàhábà. Ìkẹsàn-án jẹ́ ìrònúpìwàdà àti wíwá ìṣìpẹ̀, ìkẹwàá sì jẹ́ àdúrà.

Nínú ìsọ̀rí ìkẹsàn-án yìí ni al-Busiri ti jẹ́wọ́ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá ń fi ahọ́n jẹun gbọ́. Ó kábàámọ̀ gbogbo ọjọ́ ayé tí ó ti lò nínú ewì kíkọ fún àwọn ẹni ayé àti nínú iṣẹ́ ìjọba. Ó mọ̀ pé òun ti ta ohun tí ó níye lórí ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn Bilbays àti ti àwọn ìjòyè yóò ké ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, ọkàn rẹ̀ yóò gbọ̀n.

ÀRÍYÀNJIYÀN LÓRÍ BURDA

Ó di dandan kí n fi ẹnu ba èyí, nítorí pé òun ni ó fa ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onímímọ̀ kan kò ti fara mọ́ báìtì díẹ̀ nínú Burda, pàápàá àwọn tí wọ́n tẹ̀lé Muhammad ibn Abd al-Wahhab, tí ó kú ní ilẹ̀ Lárúbáwá ní ọdún 1792. Ibi tí wọ́n tọ́ka sí jù ni ibi tí akéwì ti ń sá di Ànọ́bì, àti ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa bí ìmọ̀ Ànọ́bì ti tóbi tó. Wọ́n ní ohun tí ó jẹ́ ti Ọlọ́hun nìkan ni ó fún ẹ̀dá. Ẹ̀rù Ọlọ́hun ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a pè wọ́n ní ọ̀tá Ànọ́bì.

Àwọn onímímọ̀ mìíràn, tí wọ́n pọ̀, gba Burda, wọ́n sì kọ ìwé láti fi túmọ̀ rẹ̀. Nínú wọn ni Jalal al-Din al-Mahalli, tí ó kú ní ọdún 864 Hijira, ẹni tí ó wà nínú àwọn tí ó kọ Tafsir al-Jalalayn tí a ń kà. Nínú wọn ni Khalid al-Azhari onígírámà, Zakariyya al-Ansari, àti Ibrahim al-Bajuri tí ó jẹ́ olórí al-Azhar. Wọ́n ní ìṣìpẹ̀ ní ọjọ́ ìdájọ́ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun ni akéwì ń wá. Wọ́n sì tọ́ka sí i pé nínú ìsọ̀rí ìkẹta, akéwì fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má ṣe gbé Ànọ́bì dé ipò Ọlọ́hun.

Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ méjèèjì nìyí. Alukuráánì ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, Burda sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dá a máa ní ibi tí a ti lè bèèrè ìbéèrè. Ẹni tí ó bá ń ké e, kí ó mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń ké, kí ó sì mọ̀ pé Ọlọ́hun nìkan ni ó ń wòsàn. Ẹni tí kò bá ké e, kò dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pe mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀ṣẹbọ nítorí báìtì tí òun fúnra rẹ̀ kò lè túmọ̀.

IKÚ RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Al-Busiri pẹ́ láyé, ó lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìlú Iskandáríyà ni ó kú sí, láàrin ọdún 694 sí 696 Hijira (1294 sí 1297). Mọ́sáláásí tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò jìnnà sí ti shaykh rẹ̀, al-Mursi. Àwọn ẹni ńlá gba ewì lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó kú, lára wọn ni Abu Hayyan, onígírámà láti Àndàlúsì, àti Ibn Sayyid al-Nas tí ó kọ ìtàn Ànọ́bì.

Ewì rẹ̀ kò bá a kú. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Páṣíà, Tọ́kì, Súwàhílì àti àwọn èdè mìíràn. Ní ọdún 1761 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú ìtumọ̀ Látìnì. Ní ọdún 1910 ni Ahmad Shawqi, àgbà akéwì Mísírà, kọ Nahj al-Burda láti fi tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀, Umm Kulthum sì fi kọrin ní ọdún 1946. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ni ó ń kọ́ ọmọ ní Burda lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ishriniyyat ti al-Fazazi, a sì ń gbọ́ ọ níbi Máólúdì àti níbi wòlíìmọ̀. Àwọn ìjòyè tí al-Busiri yìn kí wọ́n lè fún un ní owó ńkọ́? Bí kò bá jẹ́ nítorí ewì rẹ̀, ta ni yóò rántí púpọ̀ nínú wọn?

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkínní, ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ má ṣe há ohun tí ẹ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí kí ẹ sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ bèèrè.

Èkejì, kí ẹni tí Ọlọ́hun fún ní ahọ́n mọ ohun tí ó ń fi í ṣe. Ahọ́n tí ó tú àṣírí olè ṣe dáadáa. Ahọ́n tí ó ń bú ènìyàn nítorí ìbínú ti ṣìṣe. Ahọ́n tí ó padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun ni èrè rẹ̀ kò lópin. Ahọ́n kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu al-Busiri.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, ẹ rántí olùkọ́ ọmọ yín. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ yín ní Fatiha, ó ní ọmọ tirẹ̀ nílé tí ó ń retí ọdún.

Àwọn ọmọ méjèèjì tí wọ́n ń jà ní ọjọ́ yẹn jọ wá bá mi lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀kan kò tíì fẹ́ ké e, èkejì kò sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn láti báìtì àkọ́kọ́. A ti dé ìsọ̀rí ìkẹta báyìí.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ al-Busiri, kí Ó forí ibi tí ó ti ṣìṣe jìn ín, kí Ó sì forí tiwa náà jìn wá. Kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí a jọ wà lábẹ́ àsíá Ànọ́bì (S.A.W.) ní ọjọ́ tí owó àti ọmọ kò ní wúlò. Àmín.